ÀMÍN TÍ A FI OWÓ OṢÙ RÀ

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tí ó dá wa, tí ó sì fún wa ní làákàyè. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ gbogbo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kì í fẹ́ sọ nítorí pé àwa fúnra wa ni ó bá wí. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ẹ̀sìn kankan ni, tí ó ń jẹun lábẹ́ ọ̀gá onísìn.

Ẹ wo ìlú wa, Ìlá Ọ̀ràngún. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ilé ìtọ́jú aláìsàn: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ láìgba àdúà. Bí ọ̀gá bá jẹ́ ọmọlẹ́yìn Jésù, orin ni yóò kọ́kọ́ dún. Bí ó bá jẹ́ tiwa, Fátíhà ni. Kò sí àléébù níbẹ̀. Ẹni tí ó mọ Olúwa rẹ̀ yóò fi orúkọ Rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àléébù bẹ̀rẹ̀ níbi tí a bá ti ń kọ orúkọ, tí a ń gé lára owó ẹni tí kò wá sí àdúà bí ẹni pé kò wá sí ibi iṣẹ́.

Onígbàgbọ́ tí ó wà láàárín wa ní ìjọ tí yóò gbèjà rẹ̀. Mùsùlùmí tí ó wà láàárín wọn ní ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́ kò ní ẹnì kan. Bí ó bá sọ tinú rẹ̀, a óò ní orí rẹ̀ ti dàrú, tàbí pé òun ni kò jẹ́ kí ọjà tà. Nítorí náà, ó dákẹ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń ṣe Àmín. A bèèrè: ta ni ó jèrè Àmín yẹn?

Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni ó kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì láìfẹ́, tí a sì yí orúkọ ẹlòmíràn padà kí ó tó lè kàwé. Ìyà yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn bàbá wa dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dá ẹgbẹ́ MSS sílẹ̀ ní 1954. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí, ọ̀rọ̀ híjáàbù dé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2016, Adájọ́ Jide Falola dá a láre fún àwọn ọmọbìnrin wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí náà dá ti Èkó láre.

Kí ni a fi jà? Abala 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ni. Abala yìí fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ti ẹ̀rí ọkàn àti ti ẹ̀sìn. Ẹ tún un gbé yẹ̀ wò: kì í ṣe ẹ̀sìn nìkan ni ó wà níbẹ̀. Òfin tí ó bo orí ọmọ wa ni ó bo ẹni tí kò gbà gbọ́. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká fọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kò fi pamọ́ pé òun kò gba Ọlọ́hun gbọ́. Ní 1952 ó di ọ̀gá àgbà Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó fẹ́ kí a ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 1956, òun àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. A kò bá a mu lórí àìgbàgbọ́ rẹ̀, a kò sì ní kí ọmọ wa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba dá People's Bank sílẹ̀ ní 1989 láti máa yá àwọn tálákà lówó, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Solarin rí ọ̀nà dá ilé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé kékeré ní Ìlá, tí ọmọ rẹ̀ ń dúró de owó ilé ìwé, níbo ni yóò gbà?

Àwọn kan yóò ní: "Aláìgbàgbọ́ ni, a kò lè fọkàn tán an." Nígbà tí Ànábì ń ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ní 622, òun àti Abu Bakr háyà Abdullah ọmọ Urayqit kí ó fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ẹ̀sìn àwọn Kùráéṣì abọ̀rìṣà ni ọkùnrin náà ń ṣe. Bukhari gba ìtàn yìí wá: wọ́n fa ràkúnmí méjì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó pàdé àwọn ní ihò Thaur lẹ́yìn òru mẹ́ta. Àwọn ọ̀tá ti ṣe ìlérí ẹ̀bùn ńlá fún ẹni tí ó bá mú Ànábì. Ọmọ Urayqit kò tà wọ́n; ó dé ní àsìkò, ó sì ṣe iṣẹ́ tí a gbà á fún. A kò kà á níbì kankan pé Ànábì ní kí ó kọ́kọ́ ṣe kálímà kí ó tó gba owó rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní: "Ilé iṣẹ́ mi ni, owó mi ni." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbára apá àti òye ni owó oṣù ń rà. Kò ra ọkàn.

"Ìpèpè sí ẹ̀sìn ńkọ́?" Dandan ni fún wa. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ti mú ipá kúrò nínú rẹ̀ ní Suratul-Baqarah, áyà 256. Ní Suratul-Ghashiyah, áyà 21 àti 22, Ó fi yé Ànábì pé olùránnilétí ni, kì í ṣe afipámúni. Bí a kò bá fún Ànábì ní ipá, ta ni ó fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù? Ẹni tí ó ń ṣe Àmín nítorí owó oṣù kò di Mùsùlùmí. Munáfíkì ni a sọ ọ́ dà, Suratun-Nisai, áyà 145, sì ti sọ ibùgbé munáfíkì fún wa: ìsàlẹ̀ iná pátápátá. Ṣé ọ̀nà ibẹ̀ ni a fẹ́ fi àdúà àárọ̀ là fún un?

Ìmọ̀ràn wa kò le. Kí àdúà wáyé kí aago iṣẹ́ tó lù, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá. Kí a má ṣe kọ orúkọ, kí a má ṣe gé owó. Bí iṣẹ́ náà kì í bá ṣe ti ilé kéú tàbí mọ́sálásí, kí a bi ẹni tí ó ń wá a léèrè ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí a fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a san owó rẹ̀ lásìkò, nítorí Ànábì ti pa á láṣẹ pé kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ọ̀gá tí ó ń ṣọ́ ẹni tí kò wá sí àdúà, tí ó sì jẹ òṣìṣẹ́ kan náà ní owó oṣù mẹ́ta: ta ni ó ń fi ìwà sẹ́ Ọlọ́hun nínú àwọn méjèèjì?

Ní Ìlá níbí, nínú agbo ilé kan náà ni Àlùhájì, ọmọ ìjọ àti ẹni tí ó ń bọ egúngún ti ń jẹun pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ìwà yẹn dé ibi iṣẹ́. Bí aláìgbàgbọ́ yóò bá tọ̀ wá wá, kí ó jẹ́ pé òdodo wa ni ó rí.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà tààrà. Ẹni tí ó bá ti ọkàn rẹ̀ wá, kí ó ṣe Àmín.