Ọwọ́ Ènìyàn Kò Níṣẹ́ Lórí Sáfà

Láìfepo bọyọ̀, ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń wọ orí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ró) lọ́kọ̀ọ̀kan láti fọwọ́ gbé sọ́fítíwià síbẹ̀, owó oníbàárà ló ń fi ta tẹ́tẹ́.

Ẹ wo Knight Capital, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn ènìyàn ra ìpín ìdókòwò, tó sì ń bá wọn tà á. Ní 2012, sáfà 8 ló yẹ kí kóòdù tuntun dé. Òṣìṣẹ́ kan gbé e sórí 7, ó fo ọ̀kan. Kò sí ẹnì kejì tó yẹ iṣẹ́ náà wò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ọjà ṣí láàárọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, kóòdù àtijọ́ kan tí wọn kò lò mọ́ láti 2003 jí lórí sáfà tí wọ́n fò yẹn, ó sì ń da àṣẹ sọ́jà láìdúró. Ẹ̀rọ wọn ti fi ímeèlì 97 nípa àṣìṣe náà ránṣẹ́ kí ọjà tó ṣí. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Nígbà tí ìpayà dé, wọ́n yọ kóòdù tuntun kúrò lórí sáfà 7 tó dára, ni àìsàn ọ̀kan bá ran gbogbo wọn. Láàárín ìṣẹ́jú 45, owó tó lé ní 460 mílíọ̀nù dọ́là ti wọmi.

Àwọn kan ní òṣìṣẹ́ yẹn ló lẹ̀bi. Irọ́ ni. Ẹni tí a bá ní kó ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹjọ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò fo ọ̀kan. Ọ̀gá tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́ ló jẹ̀bi.

Lórí cloud, ìyẹn sáfà àyálò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí sáfà tuntun ti ń dìde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àwíjàre ti tán. Ẹ kọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí sáfà kọ̀ọ̀kan rí sínú fáìlì: sọ́fítíwià wo, ẹ̀dà wo, ta ló lè wọlé. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú Git, tó ń pa àkọsílẹ̀ gbogbo àtúnṣe mọ́, kí ẹlòmíì kà á, kó fọwọ́ sí i. Irinṣẹ́ bíi Ansible tàbí Puppet á wá yí gbogbo sáfà ká: èyí tó bá ti rí bó ṣe yẹ, kò ní fọwọ́ kàn án, èyí tó bá yàtọ̀, á tún un ṣe, èyí tó bá kọ̀, á dárúkọ rẹ̀.

Àwọn alátakò á ní àṣìṣe ẹ̀rọ máa ń tàn kálẹ̀ ju ti ọwọ́ lọ. Wọn ò purọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024, àtúnṣe kan ṣoṣo láti CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, dá nǹkan bíi 8.5 mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà Windows dúbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n dà á bo gbogbo kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìṣe. A lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó kọ́kọ́ gbé e sórí díẹ̀, kó wò ó, kó sì dá a padà bí nǹkan bá wọ́. Ọwọ́ tí jìnnìjìnnì ti mú kì í gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ rí ohun tí àwọn ará Knight ṣe.

Àwọn mìíràn á ní, "Sáfà mẹ́ta péré la ní." Ìgbà yẹn gan-an ni kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ rọrùn jù. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sórí lágbájá nìkan, kí lágbájá wá japa lọ sí Kánádà, ẹ ó mọ̀ bóyá mẹ́ta kéré. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ sáfà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀gá. Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò gbọdọ̀ sí lórí sáfà.