Iye Ọjà Wálẹ̀, Gbèsè Kò Wálẹ̀



Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí léèrè nínú kíláàsì pé: "Olùkọ́, ojoojúmọ́ ni àwọn ìyá wa ń kérora pé ọjà wọ́n. Bí iye ọjà bá wá wálẹ̀, ṣé kì í ṣe ayọ̀ ni?" Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa fún ọjà. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Àwọn oníbàárà tó ń ti òdìkejì wá kò lè gbé ẹrù kọjá bí ti àtẹ̀yìnwá. Irè oko mìíràn já wálẹ̀ ní iye, òmíràn sì jẹrà. Ní ọdún 2019 náà, ìpíndọ́gba iye ọjà ní Bẹ̀nẹ̀ dín ní nǹkan bí ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí irú ìwálẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá kárí gbogbo ọjà, tí kò sì dáwọ́ dúró, òun ni àwọn Faransé ń pè ní déflation.

Ẹni tó ń rà yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń tà. Ká sọ pé àgbẹ̀ kan yá 100,000 fáráǹkì sẹ́fà láti fi dáko àgbàdo. Bí àpò kan bá jẹ́ 20,000, àpò márùn-ún ni yóò fi san án. Bí ó bá di 10,000, àpò mẹ́wàá ni, láìka èlé. Àgbàdo wálẹ̀, gbèsè dúró gbọn-in. Àgbẹ̀ tí kò rí èrè kò ní gbé aṣọ fún aránṣọ. Aránṣọ tí kò ríṣẹ́ yóò dá ọmọọṣẹ́ rẹ̀ padà sílé. Ẹni tó lówó pàápàá yóò máa dúró de ọ̀la, bóyá iye ọjà á tún wálẹ̀ sí i. Báyìí ni ọrọ̀ ajé ṣe ń rọ díẹ̀díẹ̀.

Kí ni báńkì àpapọ̀ lè ṣe? A máa dín èlé kù, kí owó yíyá lè rọrùn, kí ènìyàn máa rà, kí iṣẹ́ sì wà. Ní Jàpáánù, wọ́n dín in títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdo ní ọdún 1999. Nígbà tí ìyẹn kò tó, ní ọdún 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú owó púpọ̀ sí i sínú àwọn báńkì. BCEAO tiwa, tí ó fìdí kalẹ̀ sí Dakar, ń fẹ́ kí iye ọjà máa gòkè láàárín ìpín 1 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún: kò fẹ́ ọ̀wọ́n-gógó, kò sì fẹ́ ìwálẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, nígbà tí ọ̀wọ́n ọjà ti rọlẹ̀, ó dín èlé rẹ̀ kù láti ìpín 3.50 sí 3.25.

Ṣùgbọ́n báńkì kò lè ṣí ibodè. Èlé tí a sì dín ní Dakar kì í tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yáwó lọ́wọ́ olówó èlé àdúgbò. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń gbèrò láti yáwó dáko, ẹ má fi iye ọjà ti òní nìkan ṣírò. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: bí ó bá wálẹ̀ dé ìdajì, àpò mélòó ni n ó tà kí n tó bọ́ nínú gbèsè? Ẹni tí oko rẹ̀ kò lè mú àpò náà jáde, kí ó dín owó tó fẹ́ yá kù.