ÌLERA ÌDÍLÉ: Oúnjẹ Wo Ni Ẹni Tí A Gbin Eyín Fún Yóò Jẹ?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá bẹ̀rẹ̀ nínú ilé kan ní Oníyanrìn, níbi tí àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti lọ kí arábìnrin wa kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin eyín méjì fún. A kò lọ lọ́wọ́ òfo. Àmàlà gbígbóná ni a gbé lọ, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ata ọbẹ̀ rẹ̀ ń ta lẹ́nu, ṣàkì àti pọ̀ǹmọ́ sì wà lórí rẹ̀. Kò tíì ju wákàtí mẹ́fà lọ tí ó kúrò lọ́dọ̀ dókítà. Ojú ń tì í láti kọ oúnjẹ àwọn ìyá ìjọ, nítorí náà ó bu òkèlè mẹ́ta. Kí a tó dìde, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Olúwa pé ó dá, lẹ́yìn tí ó ti ká aṣọ ìdígbẹ́ tí wọ́n fún un bọ ẹnu, tí ó sì deyín mọ́ ọn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwa ni a jẹ̀bi.

Ìwé kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí ó gbà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ó máa jẹ yoghurt, pòtétò gígún àti ọbẹ̀ olómi bíi ti òyìnbó. Ó wò wá, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, èwo ni n óò rí rà ní Ayéyẹ́ nínú gbogbo èyí?” Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ dáhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Eyín gbígbìn kì í ṣe eyín tí à ń yọ sínú ife omi lálẹ́. Dókítà yóò la erìgì, yóò lu ihò sínú eegun párì-ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò sì lọ́ irin kékeré kan tí ó dà bí ìṣó wọ inú rẹ̀. Titanium ni wọ́n ń pe irin náà. Ọ̀mọ̀wé ará Sweden kan, Per-Ingvar Brånemark, ni ó ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1950 pé eegun a máa lẹ̀ mọ́ irin yìí bí ẹni pé ara kan náà ni wọ́n. Ní ọdún 1965 ó gbin irú rẹ̀ sí ẹnu ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gösta Larsson, ó sì wà lẹ́nu onítọ̀hún fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ. Àmọ́ kí eegun tó gbá irin náà mú dáadáa, ó lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí ẹ bá ri igi ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀ lónìí, tí ẹ sì ń mì í lárààárọ̀, ṣé yóò ta gbòǹgbò? (Ẹni tí wọ́n yọ eyín fún lásán kò ní irin lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn oúnjẹ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bá òun náà mu.)

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sójú ọgbẹ́ ni ọmọrí rẹ̀. Ohun gbígbóná lè tú u, fífa nǹkan mu sì lè fà á yọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí a má fi sítíróò mu nǹkan. Ẹ jọ̀wọ́, píọ̀ wọ́tà tí a gé létí tí a ń fà mu kò yàtọ̀ sí sítíróò. Ẹ dà á sínú ife. Ẹ má fi agbára tutọ́. Títí abẹ́rẹ́ tí ó mú ẹnu kú yóò fi kúrò lára, kí ó má jẹ ohunkóhun, kí ó má baà gé ara rẹ̀ ní ètè jẹ láìmọ̀. Ọ̀kan nínú wa ti fẹ́ kí ó fi omi iyọ̀ gbígbóná yọ ẹnu lójú ẹsẹ̀. Omi iyọ̀ dára, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kejì, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a kàn gbé e sẹ́nu kí ó sì ṣàn jáde fúnra rẹ̀.

Ó wá ku ilé ìdáná. Ẹ̀rín pa wá nígbà tí a rò ó, nítorí oúnjẹ tí kò fẹ́ eyín kún ìlú wa. Òkèlè, gbígbé mì ni. Àmàlà tí a gbé lọ yẹn kò ṣẹ̀. Ooru rẹ̀, ata rẹ̀ àti pọ̀ǹmọ́ orí rẹ̀ ni ó ṣẹ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì, ògì tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù, tí a fi mílíìkì sí, ni kí ó máa fi ṣíbí mu. Ẹ̀kọ inú ewé tí a fi omi tútù pò náà dára gan-an. Láti ọjọ́ kẹta, ẹ lè ro àmàlà kí ó rọ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ewédú aláìláta sì máa fà á lọ. Àsáró tí a tẹ̀ kúnná ńkọ́? Ó dára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ pípọ́n àti píà, gbogbo wọn dára.

Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ògì nìkan, nítorí oúnjẹ amúaradàgbà ni ara fi ń dí ọgbẹ́. Ẹ se ẹyin kí ó rọ̀. Ẹ bọ ẹja, kí ẹ fi ọwọ́ yín yọ eegun rẹ̀ tán. Ẹ se mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹlẹ́mìí méje. Ẹlẹ́mìí kan tó, láìsí edé, láìsí ata.

Gàrí mímu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá lọ bá, wọ́n ní ó tutù. Ó tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wóró rẹ̀ a máa wọ ojú ọgbẹ́. Gúgúrú, ẹ̀pà, kókóró, súyà, obì àti orógbó, kí ó jìnnà sí gbogbo wọn. Ọsàn kíkan yóò ta á. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú okùn ọgbẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ni kí ó fi máa jẹun, kí ó má sì fi ẹ̀gbẹ́ irin náà fọ́ eegun títí dókítà yóò fi gbà á láyè. Ẹni tí ó sì ń fi eyín ṣí ìgò mínírà nínú ilé yín, ẹ bá wa bá a wí.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ààwẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Arábìnrin wa kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó gbà á, ó sì ń lo oògùn ìrora sínú òfìfo. Lọ́jọ́ kẹrin, òòyì kọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, inú rẹ̀ sì ń ta á bí iná. Nígbà tí a bi í, ó ní òun kò fẹ́ kí ará ìjọ máa sọ pé eyín olówó gọbọi ti fa òun sẹ́yìn nínú ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn, nítorí àwọn kan ti ń sọ ọ́ ní tòótọ́. Pásítọ̀ ṣí Máàkù 5:43 fún un, níbi tí Jésù ti jí ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá dìde, tí ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n fún un ní oúnjẹ. Ẹ tún wo 1 Sámúẹ́lì 30:11-12, bí àwọn èèyàn Dáfídì ti bọ́ ará Íjíbítì tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n tó bi í léèrè ohunkóhun. Àwọn àgbà kan ṣì ń kùn pé ìgbàgbọ́ kò tó. Àwa kò bá wọn sọ ọ́. Oògùn bíi ibuprofen, ẹ̀yìn oúnjẹ ni a ń lò ó. Ẹni tí dókítà bá fún ní doxycycline, kí ó má fi mílíìkì lé e, nítorí mílíìkì kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Ẹni tí ó bá sì ń lo Flagyl, kí ó yàgò fún ọtí, títí kan àgbo tí a fi ọtí rẹ.

Bí ìrora bá ń le sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wú sí i, tí ibà dé, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tàbí tí irin náà ń mì, ẹ má dúró de ìsìn Sunday. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tí ó ṣe é, tàbí kí ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní UCH.

Arábìnrin wa ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án báyìí, ẹ̀gbẹ́ òsì ni ó sì fi ń jẹun. Nígbà tí a tún lọ kí i, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí kan ni a gbé lọ. Ó tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé ẹ kò ní ata nílé ni?”