Ìbọn Oníhò Mẹ́fà àti Ìbọn Tí Ń Ki Ara Rẹ̀: Bí Àwọn Ọlọ́pàá Amẹ́ríkà Ṣe Pààrọ̀ Ohun Ìjà

Ní ọdún 2018 ni ìlú New York gba ìbọn ìléwọ́ oníhò mẹ́fà kúrò lọ́wọ́ ìwọ̀nba àwọn ọlọ́pàá tó ṣẹ́kù tí wọ́n ṣì ń lò ó. Báyìí ni ohun ìjà kan tó ti wà ní ìbàdí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ṣe kógbá sílé ní ìlú náà. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀ràn lè rò pé tuntun ló kàn lé ti àtijọ́ lọ, bí mọ́tò ti lé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lọ. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tó wà níbẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ta sí i, títí kan ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan.

Samuel Colt ló gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìbọn oníhò mẹ́fà tirẹ̀ ní ọdún 1836. Ilé ọta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rí rọ́bótó, ọta kan sì ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ìka bá ti fa irin ìyìnbọn, ilé ọta náà a yí, ihò mìíràn a sì bọ́ sí ìdí ọ̀pá ìbọn. Bí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún, kò sí wàhálà: kí ẹni náà tún un fà ni, òmíràn á dé. Ohun tó mú kí àwọn àgbà ọlọ́pàá fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ìbọn kejì kò ní ilé ọta tí ń yí. Inú èèkù rẹ̀ ni àpò ọta wà, sípíríǹgì ló sì ń ti ọta sókè. Agbára ọta tó jáde ló ń ti irin òkè ìbọn náà sẹ́yìn, tí yóò ju èèpo ọta nù, tí yóò sì fa ọta tuntun wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ki ara rẹ̀. Kì í ṣe arọ̀jò-ọta o: bí ìka bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ṣoṣo ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n àpò rẹ̀ lè gba ọta 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá sì tán, kò pẹ́ rárá tí a ó fi yọ òfìfo kí a fi kíkún rọ́pò. Àléébù rẹ̀ ni pé èèpo ọta lè há sí i, pàápàá bí ọwọ́ tó dì í mú kò bá le. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé bí a tilẹ̀ yọ àpò ọta kúrò, ọta kan lè ṣì wà nínú ọ̀pá, tí yóò máa dúró de ìka aláìmọ̀kan.

Àwọn ológun kò jiyàn títí. Láti ọdún 1911 ni àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ti gba èyí tí John Browning ṣe, tí ń ki ara rẹ̀, wọ́n sì lò ó títí di ọdún 1985 tí ti Beretta fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní tiwọn kò fẹ́ fi oníhò mẹ́fà sílẹ̀, nítorí ó rọrùn láti kọ́ni, ó sì lè wà ní ìbàdí ọjọ́ pípẹ́ láìyìn kí ó sì dún ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 1986 ló yí ọkàn wọn padà. Ní Miami, òṣìṣẹ́ FBI mẹ́jọ dojú kọ adigunjalè méjì, Michael Platt àti William Matix. Ìbọn gígùn wà lọ́wọ́ Platt. Nígbà tí eruku yóò fi rọlẹ̀, àwọn adigunjalè méjèèjì ti kú, òṣìṣẹ́ FBI méjì ti kú, márùn-ún sì fara gbọgbẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó fara gbọgbẹ́ yin ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán, ọta ti bà á lọ́wọ́, kò sì lè ki ìbọn rẹ̀ mọ́. Ìtàn rẹ̀ gba ẹnu àwọn ọlọ́pàá kan, láàárín ọdún díẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn tí wọ́n ń kó oníhò mẹ́fà dà nù.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn méjèèjì tó kú, ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ ni wọ́n gbé dání. Ẹni tó sì parí ìjà náà, Edmundo Mireles, tí apá rẹ̀ kan ti fọ́, ìbọn gígùn ló kọ́kọ́ lò, oníhò mẹ́fà ló sì fi pa iná ọ̀ràn náà. Àwọn FBI dẹ́bi fún ọta 9 mílímítà kan tó wọ Platt lára ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà tí kò dé ọkàn rẹ̀. Wọ́n lọ sí ọta tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún padà sí 9 mílímítà!

Ní New York, ọdún 1993 ni ọ̀gá ọlọ́pàá fọwọ́ sí ìbọn tuntun náà. Wọ́n mú kí irin ìyìnbọn rẹ̀ le láti fà, kí ìka má baà ṣèèṣì yìn ín. Àwọn tó ta kò ó ti ń bẹ̀rù pé ọta púpọ̀ yóò bí ìyìnbọn púpọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1999, ọlọ́pàá mẹ́rin tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ ko Amadou Diallo lójú ní ẹnu ọ̀nà ilé tó ń gbé ní Bronx. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ọmọ ilẹ̀ Gínì tí ń tajà ní ẹ̀bá títì. Àpamọ́wọ́ ló fà yọ. Wọ́n rò pé ìbọn ni. Ọta 41 ni wọ́n yìn, 19 bà á. Méjì nínú wọn yin ọta 16 ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo ohun tó wà nínú ìbọn wọn. Ká ní oníhò mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọta 24 ni gbogbo wọn ìbá ní kí wọ́n tó tún un kì. Ọta 24 tó pani, ọta kan náà tó pani; ṣùgbọ́n ẹni tó yin mẹ́fà tán gbọ́dọ̀ dúró, ojú rẹ̀ sì lè là nínú ìdúró náà. Ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Albany dá àwọn ọlọ́pàá láre ní ọdún 2000. Ìlú New York san mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là fún ẹbí rẹ̀ ní ọdún 2004.

Èwo ló wá dára jù? Ìbéèrè náà kò ṣeé dáhùn kí a má kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò gbé e. Ẹni tí kò ráyè kọ́ṣẹ́ ìbọn lóòrèkóòrè, oníhò mẹ́fà kì í ṣì í lọ́nà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gbé e pàdé adigunjalè, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń mú un lọ sí pápá ìyìnbọn nígbà gbogbo, yóò jèrè lára èkejì. Fún ará ìlú ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ti gba ìbéèrè náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àti oníhò mẹ́fà àti èyí tí ń ki ara rẹ̀, inú àwọn ohun ìjà tí a kà léèwọ̀ ni wọ́n wà, àyàfi bí Ààrẹ bá fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ kò kan ìbọn ìléwọ́ rárá. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì ni. Bí ó ti rí ní Ìbàdàn náà ló rí ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Port Harcourt, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá ló sì là sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́.