Ikùn Tó Kún, Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Tó

Ní Ṣíkà lẹ́bàá Sáríà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ni ibùdó ìwádìí nípa ohun ọ̀sìn wà, níbi tí àwọn onímọ̀ ti mú irú adìẹ tó ń yéyin jáde tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pè é: Shika Brown. Ìlú tó sọ adìẹ lórúkọ! Ẹyin náà ha ń dé inú àwo àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé ilé-ìwé Mùsùlùmí ní àgbègbè Sáríà bí?

Alábòójútó irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ a máa fi ìdánilójú wí pé ebi kò pa ọmọ kankan lọ́dọ̀ òun. Ó lè jẹ́ òótọ́. Kókó láàárọ̀, túwó lálẹ́, ikùn kún. Ṣùgbọ́n ìgbakọ tó kó òkìtì túwó sínú àwo kì í bu ọbẹ̀ ju ìwọ̀nba lọ, omi ló sì pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ ọ̀hún. Díẹ̀ ni ara ń rí mú nínú èròjà irin tó wà nínú ọkà, bẹ́ẹ̀ irin yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Mílígíráàmù 15 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà là sílẹ̀ lójúmọ́ fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 sí 18. 11 ni ti ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, obìnrin 58 nínú 100, láti ọlọ́dún 15 dé 49, ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó.

Àwọn kan ń wí pé ebi ń kọ́ ọmọ kéwú ní sùúrù. Ẹnu ẹ̀sìn kọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Nínú Rámádánì gan-an, Ìsìláàmù ní kí obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù má gbààwẹ̀, kó san án padà nígbà tó bá yá. Òfin ẹ̀sìn ka ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin sí. Ìgbakọ nìkan ni kò kà á.

Owó ni àwáwí kejì. Bí ẹyin bá wọ́n, ẹ̀wà, ẹ̀pà, kúlíkúlí àti ewé tí àwọn Háúsá ń pè ní zogale kì í ṣe àjèjì lọ́jà Sáríà. Kí wọ́n dín túwó kù, kí wọ́n fi ẹ̀wà dí i. Ìjọba pàápàá kò mọ́wọ́ dúró: ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ọmọ ìwé kìíní dé ìkẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni wọ́n ṣe é fún, bí ẹni pé ọmọ kì í dàgbà.

Ọmọ tó jẹun yó tó tún ń tòògbé lórí wàláà, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Òbí tó bá lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kó má bi í bóyá ó yó. Kó ní kí wọ́n ṣí ìkòkò ọbẹ̀ kí òun rí i.