Bàálù tó dára nìkan kò tó: ṣé pápákọ̀ tó ń lọ gbà á láàyè?

Tí ẹ bá ń gbé ní Festac tàbí ibikíbi ní Amuwo-Odofin, ẹ mọ àwọn oníṣòwò Trade Fair dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ fojú rí títì Ore mọ́ tí wọ́n bá ń lọ sí Onitsha. Ikeja ni wọ́n ti ń wọ bàálù lọ sí Asaba, wọ́n á wá gba orí afárá Niger sọdá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfúrufú Asaba kì í ṣe ti àwọn ará Delta nìkan. Ó kan àdúgbò wa gan-an.

Ẹ rántí ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, ọdún 2023. Bàálù United Nigeria gbéra ní Èkó, Abuja ni àwọn èrò inú rẹ̀ ń lọ, àmọ́ Asaba ló balẹ̀ sí. Àwọn èrò ní wọ́n tiẹ̀ kéde fún àwọn pé Abuja làwọn dé. Iléeṣẹ́ náà ní ojú ọjọ́ tí kò dáa l'Abuja ló fà á, pé awakọ̀ mọ ibi tó wà, ìkéde ni wọ́n ṣì ṣe. Ìròyìn tó gbòde ní tiẹ̀ sọ pé ìwé ìrìnàjò Asaba ni wọ́n kó fún awakọ̀. NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfúrufú, dá àṣẹ tí iléeṣẹ́ náà fi ń lo bàálù àyálò dúró, ìwádìí sì bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín: ká ní ọdún 2015 ló ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, NCAA já pápákọ̀ Asaba wálẹ̀. Boeing 737 ti ń balẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ àjọ náà ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìṣòro ààbò wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì yanjú, nítorí náà bàálù tí kò bá ju Dash 8 Q400 lọ nìkan ló kù tó lè lọ síbẹ̀. Èyí tó wá balẹ̀ ní 2023, Airbus A320 ni, ẹgbẹ́ 737 gan-an. Asaba ti padà ń gba bàálù ńlá nígbà yẹn, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ náà fi di ẹ̀rín. Tó bá jẹ́ pé àṣẹ 2015 ṣì múlẹ̀ ni, ta ló máa rẹ́rìn-ín?

Kí ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò?

Ẹ wo Close tí ẹ ń gbé ní Festac. Mọ́tò kékeré á wọlé wẹ́rẹ́. Tírélà tó gbé kọ̀ǹtéínà ńkọ́? Tó bá ráyè wọlé, ó lè fọ́ ojú ọ̀nà, ó sì lè má rí ibi yí padà. Tí ilẹ̀ bá tún ti ṣú, géètì á ti wà ní títì. Tírélà náà kò bàjẹ́, dírẹ́bà sì mọṣẹ́. Ibi tó gbé e lọ ni kò gbà á.

Bí ti bàálù ṣe rí nìyẹn. Kí awakọ̀ tó gbéra, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ibi tí bàálù ń sá lé gùn tó, ó fẹ̀ tó, ó sì le tó láti gbé ìwọ̀n bàálù náà. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá mọ́tò panápaná tó wà níbẹ̀ tó fún irú bàálù bẹ́ẹ̀, torí bí bàálù bá ṣe gùn sí ni ohun èlò panápaná tí òfin ń béèrè ń pọ̀ sí i. Ó gbọ́dọ̀ mọ aago tí pápákọ̀ ń tì, nítorí ọ̀pọ̀ pápákọ̀ wa ni kì í ṣiṣẹ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Èyí tí kì í yí padà wà nínú ìwé AIP. Èyí tó yí padà lánàá tàbí láàárọ̀ yìí ń jáde nínú ìkìlọ̀ tí wọ́n ń pè ní NOTAM. Iléeṣẹ́ ló ń ṣètò ìwé, àmọ́ ọrùn ọ̀gá awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ ààbò já lé nígbẹ̀yìn.

Ẹ má sọ pé Nàìjíríà nìkan ni. Ní Wichita, Amẹ́ríkà, ní oṣù kọkànlá 2013, Boeing Dreamlifter, àràbà bàálù akẹ́rù, balẹ̀ sí pápákọ̀ kékeré Jabara dípò McConnell. Ní oṣù kẹrin 2021, bàálù akẹ́rù Ethiopian balẹ̀ ní Ndola, Zambia, sí pápákọ̀ tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó kú nínú méjèèjì. Orí ló kó wọn yọ, a ò sì lè máa fi orí ṣe ètò ààbò.

Ojú tèmi rèé. Ó yẹ kí NCAA gbé ìwé kan síta ní èdè tó yé gbogbo èèyàn: pápákọ̀ yìí, irú bàálù tó ń gbà, aago tó ń tì. Àwa náà ní tiwa. Nígbà tí ọ̀gá awakọ̀ bá ní òun ò lè gbéra nítorí pé ibi tí à ń lọ ò ní gba bàálù òun lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo "a ti sanwó!" lé e lórí. Ọjà Onitsha á ṣì wà níbẹ̀ lọ́la. Kí àwa náà wà láyé láti ná an ló ṣe pàtàkì.