Àbákẹ́ tí wọ́n sọ di Matilda



Lóṣù tó kọjá, ọmọ kan ní Anyama gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wálé láti ilé ìwé. Wọ́n ní kó kọ orúkọ àwọn òbí rẹ̀, ti òbí àgbà, àti ti àwọn tó bí òbí àgbà. Ìyá rẹ̀ ké sí wa pé ká wá ran àwọn lọ́wọ́. Ti àwọn ọkùnrin kò gba àkókò. Nígbà tó kan ìyá tó bí bàbá àgbà, ẹni tó tẹ̀lé ọkọ kúrò ní Èjìgbò wá sí Côte d'Ivoire, tó sì ta obì nítòsí ojú irin títí ó fi darúgbó, gbogbo ilé dákẹ́. “Ìyá Olóbì” ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn ń fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é. Kí ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Àwa Yorùbá kì í pe àgbà lórúkọ. Ọ̀wọ̀ ni, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yìí máa ń bo orúkọ obìnrin mọ́lẹ̀. Ó wọlé ọkọ, ó di ìyàwó. Ó bímọ, ó di ìyá lágbájá. Ó gbé igbá, ó di ìyá onígààrì.

Ọ̀rọ̀ yìí ló rán wa létí obìnrin kan tó ti wà lọ́kàn wa tipẹ́. Kò gbé Anyama, kò sì dé ibẹ̀ rí. Ìgbèríko Alabama ní Amẹ́ríkà ló ti lo ayé rẹ̀, iṣẹ́ oko ló sì ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni. Àbákẹ́ ni orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di Matilda.

Ọmọ bí ọdún méjì ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ouidah, ní etíkun Benin òde òní, ni wọ́n ti kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda. Ènìyàn bí 110 ni ọkọ̀ náà kó dé Mobile ní Alabama ní ọdún 1860. Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú láti òkè òkun léèwọ̀, nítorí náà wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má bàa tú. Ọdún 2019 ni àwọn onímọ̀ tó kéde pé àwọn ti rí àwókù rẹ̀ nínú odò.

Olóko kan, Memorable Creagh, ra ìyá àti ọmọ méjì: Àbákẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n méjì yòókù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó parí. Wọ́n pe ìyá ní Grace, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ní Sallie. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi sá lọ. Ìyá tí kò mọ ọ̀nà, tí kò gbọ́ èdè ìlú, tó sì ní ọmọ kékeré lọ́wọ́! Wọ́n lé wọn bá, wọ́n dá wọn padà.

Ìtúsílẹ̀ dé ní ọdún 1865, ṣùgbọ́n wọn kò ní ilẹ̀. Wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ aláwọ̀ funfun, wọ́n sì ń pín irè oko pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ abusan nínú oko kòkó níhìn-ín, ẹ ó mọ bí irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí ó bá jẹ́ pé onílẹ̀ nìkan ló ń ṣírò.

Ó jọ pé ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ títí ó fi kú. Àwọn tó wádìí ìtàn yìí rò pé òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ ní irun dídì, nítorí bí àwọn Yorùbá ti ń ṣe irun ni Àbákẹ́ ṣe ń ṣe tirẹ̀ dàgbà. Orúkọ rẹ̀ náà kò gbé. Oríkì ni Àbákẹ́, bíi Àbẹ̀kẹ́ àti Àbíkẹ́ tó wà nínú ilé yín. Nínú gbogbo wọn, “kẹ́” yẹn ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ kẹ́ ọmọ náà.

Kò gbéyàwó ní kóòtù. Òun àti ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Jámánì, Jacob Schuler, jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì bí ọmọ 14, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Alabama kò gbà kí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun fẹ́ra. Ó tún yí orúkọ olóko tó rà á padà: ó kúrò ní Creagh, ó di McCrear. Ibi tí a fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà nìyẹn. Kò lè gba èyí tó sọnù padà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ èyí tí wọ́n fún un bí wọ́n ṣe fún un.

Ní ọdún 1931, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó rin nǹkan bíi máìlì 15 lójú ọ̀nà eruku lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma. Ìrìn yẹn ju láti Anyama dé Adjamé lọ. Ó ní kí wọ́n san owó ìtanràn fún òun nítorí pé wọ́n jí òun kó nílé. Adájọ́ kò gbà. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ìlú náà, Selma Times-Journal, fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Kossola, ọkùnrin tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà, gbajúmọ̀ jù ú lọ: òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston lọ bá a nílé láti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní ti Àbákẹ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi gbé ìtàn tirẹ̀ lọ.

Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1940. Ní ọdún 2020 ni Hannah Durkin, onímọ̀ ìtàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àyẹ̀wò hàn pé òun ni ẹni ìkẹyìn tí a mọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó rí i. Ọmọ-ọmọ Àbákẹ́ kan ṣì wà ní Selma nígbà náà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó mọ̀ pé ìyá àgbà òun ṣe ẹrú rí. Kò mọ̀ pé inú ọkọ̀ Clotilda ló wà.

Lẹ́yìn tí a ka èyí fún ilé náà ní Anyama, bàbá ọmọ náà fi fóònù pe àbúrò bàbá rẹ̀ kan ní Èjìgbò. Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló dé tí ẹ kò béèrè látìgbà yìí. Oríkì Ìyá Olóbì ló rántí: Àṣàkẹ́. Ó ní òun yóò béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun tí ara rẹ̀ kò le. Ọmọ náà fi yẹ́ńsù kọ Àṣàkẹ́ sí àyè rẹ̀, ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.